Ọ̀gá Tó Ka Ọdún Ọba

Iyán alẹ́ ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí Ganiath, ọmọ ọdún méje, gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́, tó sì béèrè pé: "Màmá, ọdún mélòó ni ọba wa ti lò lórí oyè?"

Sikirath, ìyá rẹ̀, wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ wo inú ọbẹ̀. Affissou, bàbá ọmọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko kájú dé láti Lougba, ń jẹ wàrà wàgàsì bí ẹni pé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn nìkan ló kù láyé.

"Tíṣà ló ní ká bèèrè nílé," ni Ganiath wí.

"Sọ fún tíṣà pé ọba ti wà níbẹ̀ tipẹ́," ni bàbá rẹ̀ dáhùn.

"Ó ní iye ni òun ń fẹ́."

"Iye!" Ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Ọmọ yìí, kí ni ọba fi ṣe ọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má rò pé àwọn ará Ìdí-Emì kò mọ ìṣirò. Wọ́n mọ iye ebè tó wà lóko ara wọn, wọ́n mọ iye tó wà lóko aládùúgbò, wọ́n sì mọ èyí tó wọ ààlà. Ṣùgbọ́n bí a kì í ti í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni ìlú kékeré yìí, tí kò jìnnà sí Bantè, kì í ka ọdún fún ọba. Bí iṣu tuntun bá jáde, ọba á bu ú jẹ, á ní, "A tún rí ọ̀kan." Gbogbo ìlú á dáhùn pé, "Òmíràn ń bọ̀." Ó tán. Lóòótọ́, baba arúgbó kan wà láàfin tó ń ju òkúta kan sínú ìkòkò lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń pè ní Baba Olókùúta. Iye òkúta náà ní ọjọ́ tí wọ́n ń kà á. Kò sẹ́ni tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọjọ́ ọ̀hún tètè dé.

Ganiath fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn sára ògiri, ó ń yí ẹ̀gbà fàdákà ọwọ́ òsì rẹ̀ po, bó ṣe máa ń ṣe bí oorun bá ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀gbà yẹn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Nígbà tí Ganiath wà lọ́mọ ọdún méjì, ibà mú un lálẹ́ kan, gìrì sì gbé e. Ìyá Sikirath, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó lè bá ọwọ́ ọmọdé mu, ó sì fi sí i lọ́wọ́. Bóyá oògùn dókítà ló ṣiṣẹ́, bóyá òtútù fàdákà ni, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọmọ náà di ẹ̀gbà mú, ó sì sùn. Láti ọjọ́ yẹn kò sùn láìsí i rí. Sikirath fúnra rẹ̀ kì í sùn, àfi bó bá kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ̀gbà náà dún kín-ín lára ẹní. Kín-ín yẹn ló ń sọ fún un pé ara ọmọ le.

Sikirath ló ń gbálẹ̀, tó ń po tíì ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Bantè tí wọ́n ń pè ní Bùrò Ìrántí Àwọn Ọba. Iṣẹ́ tí bùrò yìí ní kò ju pé kó máa yá àwọn ìlú ní igba àga rọ́bà àti àtíbàbà mẹ́ta nígbà ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ibẹ̀, Mùsíò Nassirou, kò lè gbà kí wọ́n pe òun ní olùtọ́jú àga. Ọmọ ìlú ńlá ni, Kòtònù ló ti dàgbà. Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, irunmú rẹ̀ á tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá dé bó bá tó àkókò. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ oyè òun sára ilẹ̀kùn: Olùtọ́jú Àgbà Gbogbo Ìrántí, Igbákejì Ọlá, Ọ̀rẹ́ Àwọn Ọba Ayé Láìyọ Ẹnì Kan Sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kò gbà á. Wọ́n kọ ìyókù kọjá sára ògiri títí dé ojú fèrèsé, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ wọlé, apá ìparí oyè ọ̀gá á bọ́ síta.

Ohun tó gbé ọkùnrin yìí gun òkè téńté ni owó fàdákà. Bí ọba ilẹ̀ òkèèrè bá pé ogún ọdún tàbí àádọ́ta lórí ìtẹ́, wọ́n máa ń rọ owó fàdákà tó ní àwòrán ọba náà lójú kan àti iye ọdún rẹ̀ lójú kejì. Kì í ṣe owó tí a fi ń ra àkàrà. Ohun ìrántí lásán ni, àwọn kan sì ń kó o jọ bí ọmọdé ṣe ń kó ìkarahun ìgbín jọ. Mọ́kànlá ni Ọ̀gá Nassirou ní. Ó tò wọ́n sínú àpótí gíláàsì lórí aṣọ àrán pupa. Ó mọ ọjọ́ ìbí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọba náà, bùrò kì í sì í ṣí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ó tún ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí ọba mọ́kẹ̀ẹ̀kànlá kó tó sọ ohun tó bá wá.

Lọ́jọ́ kan, baba kan ti Gouka wá yá àga fún ìsìnkú ìyá rẹ̀.

"Ẹ kí wọn, baba," ni Tàntí Bilkissou, akọ̀wé bùrò, wí.

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọba."

Baba tẹ̀ síwájú, ó wo inú gíláàsì. "Àwọn wọ̀nyí? Wọ́n mà kéré o."

"Kéré?" Ọ̀gá Nassirou dìde, àga rẹ̀ sì kọ́kọ́ bá a dìde kó tó tú sílẹ̀. "Baba, ẹni tó wà níwájú yín yìí jọba lórí erékùṣù mẹ́tàdínlógójì! Ẹ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Baba dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí. Kábíyèsí. Kábíyèsí." Ìgbà tó kan ìkeje, ó dúró. "Èyí obìnrin ni."

"Ayaba ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ilé ńkọ́? Ọkọ ńkọ́?" Ó fi etí sí gíláàsì, bóyá ayaba á dáhùn. "Wọn ò dáhùn."

Ẹ̀rín gbé Tàntí Bilkissou, ó sì yára sọ ọ́ di ikọ́. Kí baba tó kí ọba kọkànlá tán, ọ̀gá ti jókòó ti tíì, a kì í sì í bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí tíì. Àga dé Gouka ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sin òkú. Àwọn ọmọ olóòkú jókòó sórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ìrìn baba já sófo.

Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ganiath gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Gbogbo ọmọ kíláàsì ló ti dé láìní èsì, tíṣà, tí òun náà ti Kòtònù wá, sì ní kí wọ́n tún lọ bèèrè. Nígbà tí Ganiath wá bá ìyá rẹ̀ ní bùrò lẹ́yìn ilé-ìwé, ó rí ọkùnrin kan tó ní ọba mọ́kànlá nínú àpótí. Ta ni ìbá tún bi?

"Ọdún mélòó!" Ojú Ọ̀gá Nassirou tàn. Láti ọjọ́ tó ti dé Bantè, ẹnikẹ́ni ò tíì bi í ní ohun kan rí bí kò ṣe àga. Ó tú fáìlì, ó fẹ́ eruku, ó rí ìwé àtijọ́ kan tí ìjọba fi gba ọba wọlé, ó fi ìka kà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Márùndínlọ́gbọ̀n! Lọ́jọ́ iṣu tuntun tó ń bọ̀ yìí gan-an ló máa pé!"

Sikirath yára gbé tíì kalẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A kì í kà á."

"A kì í ka kí ni?"

"Ọdún ọba, Ọ̀gá. Nílùú wa."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni wo adìyẹ tó ń sọ Faransé. "Sikirath, ọba mélòó lẹ ní nílùú yín?"

"Ọ̀kan ni, Ọ̀gá."

"Èmi ní mọ́kànlá. Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló mọ ọba jù?"

Sikirath wo Tàntí Bilkissou. Ìdí-Emì ni wọ́n ti bí Tàntí Bilkissou. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ti ṣe olorì rí. Ohun tí Sikirath mọ̀, ó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀gá ti ṣèlérí àga oní-táyà fún un, irú èyí tó ń yí. Ẹnu tó ń dúró de àga kì í dá ọ̀gá lẹ́kun.

"Ọ̀gá," ó ní, ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bó ti jẹ́ àṣà bùrò, "ọ̀rọ̀ yín ń kán bí oyin."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Nassirou ṣe pinnu pé òun á rọ owó fàdákà ọba kejìlá, ọba Ìdí-Emì. Ṣùgbọ́n fàdákà dà? Ó gun orí àpótí tíì, ó sì bá gbogbo òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mẹ́ta péré ni wọ́n: Sikirath, Tàntí Bilkissou àti Uthman awakọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi tó pọ̀ bí yanrìn," ó ní. "Fàdákà ọba kì í ti ọjà wá! Ara ọmọ ìlú ló ń ti wá! Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ohun tó ń dán jù lọ nílé rẹ̀ wá. Èmi fúnra mi, mo fi ohun tó wúwo jù sílẹ̀: mo fi àṣẹ sílẹ̀."

Uthman mú ṣíbí kan wá. Tàntí Bilkissou mú òrùka kan wá tó rà ní ọjà Savalou, tó ti ń sọ ìka rẹ̀ di àwọ̀ ewé láti ìgbà ààwẹ̀. Sikirath ní òun kò ní nǹkan kan.

"Kí ni ìyẹn tó ń dán lọ́wọ́ ọmọ rẹ?"

Ganiath gbé ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ẹ̀gbà ìyá mi ni. Òun ló fi ń sùn."

"Ó fi ń sùn!" Ọ̀gá yíjú sí àpótí gíláàsì. "Ẹ̀yin ọba, ẹ gbọ́? Fàdákà tó yẹ kó jí gbogbo ayé, wọ́n ń fi sùn ní Ìdí-Emì!" Ó wá rọra fa ìwé kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó gbé bírò lé e. Ìwé iṣẹ́ Sikirath ni, èyí tí wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún, ó sì máa tán ní ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ iṣu tuntun. Ọ̀gá káwọ́ lé ikùn. Ó kàn ń wo bírò.

Kájú ọdún yẹn kò so dáadáa. Sikirath kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó sì bọ́ ẹ̀gbà náà. Ganiath kò sunkún. Ì bá sàn kó sunkún.

"Ọba á dá a padà?" ló béèrè.

Sikirath fi ẹ̀gbà náà sínú áńkáṣìfù, ó dì í.

Savalou ni alágbẹ̀dẹ fàdákà wà, lẹ́yìn ọjà, baba kan tó ń jẹ́ Láwàl, tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ilẹ̀ Nàìjíríà wá. Ọ̀gá jókòó síwájú ọkọ̀. Sikirath jókòó sẹ́yìn, ó gbé fàdákà lé itan nínú áńkáṣìfù. Baba Láwàl tú u, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ha òkúta dúdú tó fi ń dán fàdákà wò.

"Èyí, ṣíbí ni," ó ní. "Èyí, ẹ̀sín ni. Èyí nìkan ni fàdákà." Ó yí ẹ̀gbà náà sókè, ó yí i sílẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi mà ni. Ta ló ni í?"

"Ọmọ mi ni, Bàbá," ni Sikirath wí.

"Ìlú ló ni í," ni Ọ̀gá Nassirou wí. "Rọ ọ́! Kí ó tóbi bí ọmọrí agolo mílíìkì. Ọba lójú kan. Lójú kejì, márùndínlọ́gbọ̀n, kí orúkọ mi sì yí i ká."

"Ọ̀gá, ǹjẹ́ wọ́n ń kọ iye nílùú tiyín?"

"Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́!"

"Ó dáa. Fọ́tò ọba dà?"

Ibí lọ̀rọ̀ ti ta kókó. Ọba Ìdí-Emì kì í jáde láìfi ìlẹ̀kẹ̀ bojú. Kò sí fọ́tò ojú rẹ̀ níbì kankan. Ọ̀gá ronú fún ìwọ̀n ìgbà tí eṣinṣin fi ń bà.

"Gbogbo ọba ló jọra," ó ní. "Ya èmi."

Ó jókòó fún wákàtí mẹ́ta láìmira. Eṣinṣin kan bà á nímú, ó rìn yí irunmú rẹ̀ ká, ó sùn, ó jí, ó lọ. Ọ̀gá kò mira, nítorí ọba kì í lé eṣinṣin fúnra rẹ̀. Nígbà tó jáde lọ nara, Baba Láwàl tẹ orí sọ́dọ̀ Sikirath.

"Ìyá ọmọ, gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Fàdákà kì í kú sínú iná. Aṣọ ló ń pààrọ̀."

Láti ọjọ́ náà, oorun kó kúrò nílé Affissou. Ganiath á dùbúlẹ̀, á fi ọwọ́ ọ̀tún wá ọwọ́ òsì, kò ní í bá ohun kan níbẹ̀, á sì la ojú sílẹ̀. Wọ́n fi ìdérí agolo ṣe òmíràn fún un. Ó ní kò tutù. Wọ́n so òwú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní kò dún. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá yí padà, ọwọ́ Sikirath ti wà níwájú orí rẹ̀, tó ń wò ó bóyá ara ń gbóná, bóyá gìrì àtijọ́ ń padà bọ̀. Ìyá ọkọ náà kò lè sùn. Nígbà tó bá ń kírun nílé, ó máa ń pẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń yìn ín pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti le sí i. Affissou sùn lọ lórí òkìtì kájú ní Lougba. Ewúrẹ́ ló jẹ fìlà rẹ̀. Sikirath fi iyọ̀ dípò ṣúgà sínú tíì ọ̀gá. Ọ̀gá mu ún, ó pa ojú dé, ó ní èyí ni irú tíì tí wọ́n ń mu láàfin àwọn ọba òkèèrè. Ó ní kó máa pò ó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ iṣu tuntun pé. Gbogbo igba àga ló jáde lọ sí Ìdí-Emì láìpẹ́, nítorí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló yá wọn lọ́wọ́ ara rẹ̀. Rédíò kan láti Savalou gbé ẹ̀rọ wá, gbogbo ọ̀rọ̀ sì ń lọ tààrà. Ọba jókòó lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó bu iṣu jẹ, ó fẹ́ la ẹnu sọ gbólóhùn kan tó ń sọ lọ́dọọdún. Ọ̀gá Nassirou dìde ṣáájú.

Mi ò ní í kọ gbogbo ohun tó sọ; ìwé á tán. Ó kí ọba, ó kí baba ọba, ó kí àga. Ó fi ọba wé òkè, odò, ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní tí kì í bá ṣe ti òun, ayé kì bá mọ̀ pé Ìdí-Emì wà. Nígbà tó dúró mí, Sikirath gbé omi tọ̀ ọ́ lọ, ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, mo fi ọmọ mi bẹ̀ yín. Ẹ kàn ní, 'A tún rí ọ̀kan.'"

"Ọ̀kan?" Ọ̀gá gba omi, ó mu ún. "Ọ̀kan ni mo gbé wá?" Ó na owó fàdákà sókè, oòrùn kàn án, ó kọ mànà. Ó sì kígbe bí wọ́n ṣe ń kígbe nílẹ̀ òkèèrè, lẹ́ẹ̀mẹta, sínú ẹ̀rọ rédíò: "Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Márùndínlọ́gbọ̀n! Márùndínlọ́gbọ̀n!"

Àwọn ìyá fi ọwọ́ bo etí ọmọ wọn. Adìyẹ sá wọlé.

Baba Olókùúta rọra dìde. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò jáde, ó sì dà á sílẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Òkúta tú káàkiri. Nítorí ohun tí gbogbo wọn mọ̀ láti kékeré, tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu pè, ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ké iye ọdún ọba níta gbangba: ọjọ́ tó bá wàjà.

Àwọn olorì tú gèlè, igbe ta. Àwọn ọdẹ yìnbọn. Ọjà tú. Rédíò gbé gbogbo rẹ̀ dé Savalou, dé Gouka, dé ibi tí Ọlọ́run mọ̀.

"Kí ló dé?" ni ọba béèrè lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀.

"Ẹ ti wàjà, Kábíyèsí," ni Baba Olókùúta wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Nígbà wo?"

"Nísinsìnyí, Kábíyèsí."

"Iṣu mà wà lẹ́nu mi."

"A rí i, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ka ọdún yín."

Olorì àgbà, Wassila, ti ń yí nínú eruku. "Yéè! Ọkọ mi tó ń han-run bí ẹ̀rọ ìlọta! Ọkọ mi tí kì í jẹ ọbẹ̀ ẹlòmíràn tán, tó ń sá pa mọ́ jẹ ẹ̀pà!"

"Mò ń gbọ́ ọ o, Wassila."

"Ẹ jẹ́ kí n sunkún mi tán, Kábíyèsí!"

Kò pẹ́ tí àwọn sẹ̀míjàn akérò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Savalou, àlejò mẹ́ta-mẹ́ta lórí alùpùpù kan, wọ́n gbé ẹní dání, wọ́n fajú ro. Wọ́n kí ọba kú ọ̀fọ̀ ara rẹ̀. Ọba dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá Nassirou ń rìn láàárín wọn bí ẹni tí iná mọ́tò ràn lójú, ó ń sọ pé, "Ọ̀rọ̀ yìí ní àlàyé," ṣùgbọ́n Tàntí Bilkissou ti dúró sí ọ̀nà jíjìn réré, ó ń sọ fún rédíò pé òun ti kìlọ̀ fún un.

"Ẹ mú ohun náà wá," ni ọba wí. Wọ́n gbé owó fàdákà sí i lọ́wọ́. Ó wò ó títí. "Ta ni baba onírunmú yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Kábíyèsí," ni Ọ̀gá Nassirou wí.

Ọba fi ọwọ́ pa òkè ẹnu rẹ̀ lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Níwájú ló ti rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn, tó ń wo owó náà láìṣẹ́jú. "Ọmọ mi, ìwọ wá sọ ọ́. Èmi nìyí?"

Sikirath fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ kò bá a.

"Rárá, Kábíyèsí," ni Ganiath wí. "Ọ̀gá màmá mi ni. Ṣùgbọ́n fàdákà yẹn, tèmi ni."

Sikirath rí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń fò lọ bí ewé.

"Tìrẹ? Báwo?"

"Ẹ̀gbà mi ni. Ọ̀gá gbà á. Mi ò lè sùn mọ́, màmá mi náà ò sùn, ìyá àgbà ò sùn, ewúrẹ́ sì jẹ fìlà bàbá mi."

Ìlẹ̀kẹ̀ ọba bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Gbogbo èèyàn rò pé inú ló ń bí i, ẹ̀rín ni. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bi Baba Olókùúta pé: "Ẹni tó bá ké iye ọdún ọba, kí ni àṣà wí?"

"A ó fá a lórí, Kábíyèsí, a ó fá irunmú rẹ̀. Á wọ inú ahéré tó wà lọ́nà Gouka. Kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kan títí iṣu tuntun mìíràn á fi jáde."

"Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀?" Ìyẹn ni Ọ̀gá Nassirou. Ìyẹn náà sì ni ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn lọ́dún yẹn.

Wọ́n fá a lójú ẹsẹ̀, lórí ọ̀kan nínú igba àga rẹ̀. Nígbà tí irunmú lọ, wọ́n rí i pé kò sẹ́ni láyé yìí mọ́ tó jọ owó fàdákà náà. Ọba ní ohun tí kò jọ ẹnikẹ́ni kò yẹ kó pẹ́ níta, kí wọ́n gbé e padà fún iná. Baba Olókùúta di ojú, ó ń kó òkúta padà sínú ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan láìkà, ọba sì dìde, ó bu iṣu mìíràn jẹ. "A tún rí ọ̀kan," ó ní. Ìlú dáhùn tẹkún-tẹ̀rín pé, "Òmíràn ń bọ̀."

Àwọn ẹni ńlá tó ti gbéra láti Kòtònù wá síbi òkú bá ọba nídìí iyán. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́tà dé bùrò pé wọ́n ti yọ Ọ̀gá Nassirou níṣẹ́. Ó gba akunlé ní ọjọ́ méjì àti àkàbà kan kó tó pa oyè Ọ̀gá Nassirou rẹ́ lára ògiri. Àwọn èèyàn ń yá àga báyìí láìkí ẹnikẹ́ni. Tàntí Bilkissou ń bójú tó bùrò títí ọ̀gá mìíràn á fi dé; ohun àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí ni àga oní-táyà tirẹ̀, ìkejì ni ìwé iṣẹ́ Sikirath, kò sì lè wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń fọwọ́ sí i. Ní ti Ọ̀gá Nassirou, ó gbé àpótí gíláàsì rẹ̀ lọ sínú ahéré. Àwọn ará Gouka tó ń kọjá ń rí i láràárọ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, láìsọ̀rọ̀. Sikirath ń fi fíláàsì tíì ránṣẹ́ sí i. Ṣúgà ló ń fi sí i báyìí. Ó gbọ́ pé ọ̀gá ń fajú ro bó bá mu ún, bí ẹni pé kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀.

Baba Láwàl fúnra rẹ̀ ló gun sẹ̀míjàn wá láti Savalou, ẹ̀gbà nínú áńkáṣìfù. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní iṣẹ́ bàbá òun ni òun tún ṣe. Ganiath yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní òun ṣì ń rí irunmú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì fi í sọ́wọ́.

Lálẹ́, gbogbo wọn dùbúlẹ̀. Sikirath kò pa ojú dé. Ó ń dúró.

"Màmá," ni ọmọ náà wí nínú òkùnkùn, "alẹ́ mélòó ni mi ò fi sùn?"

Affissou wúkọ́. Sikirath fi aṣọ bo ẹnu. Ìyá àgbà ló dáhùn láti ẹní tirẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bo iná: "A tún rí ọ̀kan."

"Òmíràn..." ni Ganiath wí, ó yán, kò sì parí rẹ̀.

Ẹ̀gbà dún lára ẹní, kín-ín. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀. Affissou han-run tó fi jẹ́ pé Olorì Wassila ìbá mọ̀ ọ́n. Sikirath na ọwọ́, ó kan iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó tutù. Ó ní òun á kàn dúró gbọ́ kín-ín kejì. Kò gbọ́ ọ. Ó ti sùn.